Àárò Ọ̀rẹ́ Rẹ Kì í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ohùn rẹ tí mo gbọ́ lórí fóònù lálẹ́ àná kò jẹ́ kí n sùn. O ní ikú ọ̀rẹ́ rẹ ti kúrò lọ́kàn rẹ, pé ọpẹ́ nìkan ni o ń dá báyìí, ṣùgbọ́n bí o ṣe ń yára sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí a bi òun ní nǹkan kan sí i, jẹ́ kí n mọ̀ pé ọgbẹ́ náà kò tíì jinná.

Ọwọ́ mi ni o ti kọ́ ọ, mo sì ń tọrọ àforíjì. Láti kékeré rẹ ni mo ti máa ń ní kí o nu ojú rẹ nù kí n tó béèrè ohun tó pa ọ́ lẹ́kún. Nígbà tí ìyá àgbà jáde láyé, èmi ni mò ń tu àwọn tó wá kí wa nínú; n kò sunkún, àfi ní ọdún kejì tí mo rí aṣọ wọn kan nínú àpótí, tí mo sì sun ún títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní 1987, Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan má ṣe ronú nípa béárì funfun fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n sì lu agogo nígbàkígbà tó bá wá sí wọn lọ́kàn. Agogo ń dún ṣáá. Nígbà tí wọ́n sì wá yọ̀ǹda fún wọn láti rò ó, ó gba ọkàn wọn ju ti àwọn tí a kò kà á léèwọ̀ fún láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Béárì lásán nìyẹn o, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ dàgbà.

Nítorí náà, bí ìrònú ọ̀rẹ́ rẹ bá dé, má lé e. Bi ara rẹ léèrè: ṣé àárò rẹ̀ ló ń sọ ọ́, ṣé inú ló ń bí ọ, àbí ọkàn rẹ ń dá ọ lẹ́bi pé o kò gba ìpè rẹ̀ ìkẹyìn? Ẹni tí àárò ń sọ a máa fẹ́ dárúkọ ẹni tó lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dá lẹ́bi ń wá etí tí yóò gbọ́ ọ láìdá a lẹ́jọ́. N kò ní kí o dẹ́kun ọpẹ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, o sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ pẹ̀lú omijé lójú. Ṣùgbọ́n bí oorun àti oúnjẹ bá kọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí ayé sì ń sú ọ, sọ fún mi kíákíá, kí a jọ lọ rí dókítà.

Bí mo bá tún bi ọ́ pé ṣé dáadáa ni, sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. N kò ní sọ pé kí o nu ojú rẹ nù mọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.