Ẹ má tíì ta skánà àtijọ́ yẹn fún oní-condemn, driver ni kò ní

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú bí ẹ ṣe ń gbé èdè wa lárugẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí síta, torí ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí gan-an ní Ìkòròdú níbí. Àwọn iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn onífọ́tò tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti àwọn oní-business centre, ọ̀pọ̀ wọn ló ní skánà ńlá onígíláàsì yẹn, èyí tí wọ́n máa ń ṣí ìdérí ẹ̀ sókè kí wọ́n tó da ojú ìwé dé gíláàsì, tí ẹnu wáyà ẹ̀ fẹ̀, tó ní píìnì 25. Wọ́n ń kó o fún àwọn tó ń ra condemn báyìí, pẹ̀lú páànù àti irin fáànù, nítorí pé ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Iná ẹ̀ ń tàn, mọ́tò inú ẹ̀ ń rìn, gíláàsì ẹ̀ mọ́ kedere. Gbogbo ẹ̀ ò ju pé kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n rà ò gbọ́ ohun tó ń sọ, torí kò sí driver, ìyẹn prógíráàmù kékeré tó máa jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbọ́ra wọn yé.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí ní Ìkòròdú. Risíìtì tí wọ́n fi ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, survey tí wọ́n ti ká mọ́ra láti ọjọ́ tó ti pẹ́, fọ́tò bàbá bàbá ẹni tó ti ń pọ́n lójú, ìwé ìrìbọmi, gbogbo ẹ̀ wà nínú àpótí, ikán ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá fi fóònù ya irú ìwé bẹ́ẹ̀, igun kan á tẹ̀, òjìji ọwọ́ yín á bọ́ sórí ẹ̀, àwọn nọ́ńbà kéékèèké inú survey ò sì ní ṣeé kà. Skánà onígíláàsì máa ń tẹ́ ìwé náà pẹrẹsẹ, iná ẹ̀ á sì rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀ bákan náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àtijọ́ yẹn ló lè ya 300 tàbí 600 dpi (iye àmì tó ń kà nínú íǹṣì kan), èyí sì tó, ó tó dáadáa fún fọ́tò àti ìwé ilẹ̀. Ìdí tí mo fi ń bínú sí bí wọ́n ṣe ń kó o dànù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí wàhálà ti wá. Ihò tí wáyà skánà yẹn ń wọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní parallel port, prìńtà ni wọ́n ṣe é fún nígbà tí IBM gbé PC wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1981. Prìńtà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kọ̀ǹpútà ló máa ń rán an níṣẹ́, torí ẹ̀ wáyà mẹ́jọ ló ń gbé dátà jáde lọ bá a, àmọ́ márùn-ún péré ló ń gbé èsì padà wá, wọn ò sì fi rán nǹkan ju "bébà ti tán" tàbí "ẹ dúró ná, ọwọ́ mi dí" lọ. Skánà wá dé, òun ló ní ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ láti sọ fún kọ̀ǹpútà. Ní ọ̀nà àtijọ́ yẹn, bit mẹ́rin mẹ́rin ló ń wọlé, kò ju nǹkan bíi 50 kilobyte ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Bébà A4 kan tí ẹ bá yà ní 300 dpi ní kọ́lọ̀, ó tó megabyte 26, ẹ ṣírò ẹ̀, ó sún mọ́ ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án fún ojú ìwé kan ṣoṣo! Ìdí tí wọ́n fi ṣe ìlànà IEEE 1284 ní 1994 nìyẹn, wọ́n fi ọ̀nà tuntun méjì, EPP àti ECP, sínú ẹ̀ kí dátà lè máa lọ kó máa bọ̀ kíákíá. EPP lè gbé 500 kilobyte sí megabyte méjì ní sẹ́kọ́ǹdù kan, bébà kan náà yẹn ò ní gbà tó ìṣẹ́jú kan lórí wáyà.

Torí náà, kí ẹnikẹ́ni tó dá skánà lẹ́bi, kó kọ́kọ́ wọ BIOS, ìyẹn ojú ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ máa rí kí Windows tó dìde. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń tan, ẹ tẹ Delete tàbí F2, ó yàtọ̀ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Parallel Port Mode sí, ẹ gbé e sí EPP, tàbí ECP+EPP tí kò bá sí EPP nìkan. Kí address ẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń rí ihò náà) jẹ́ 378, kí IRQ (nọ́ńbà tí ihò náà fi ń pe kọ̀ǹpútà) jẹ́ 7. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń bẹ lórí SPP, ọ̀nà àtijọ́ yẹn, láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, kò sì sẹ́ni tó débẹ̀ rí.

Màmá kan wà ní àdúgbò wa, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, wọ́n pè mí pé, "Bọ̀dá, ẹ bá mi wò ó, wọ́n ní kí n lọ jù ú nù, pé ẹ̀rọ inú ẹ̀ ti já." Mo ní, "Ẹ kú ilé mà, ẹ jẹ́ ká yí ìdí ẹ̀ padà ná." Tí wọ́n bá ti tan skánà yẹn, ariwo gíígíígí ló ń pa, kò kúrò lójú kan. A yí i padà, àmì àgádágodo wà níbẹ̀, wọ́n ti tì í! Gbogbo skánà irú ẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n fi ń ti orí tó ń rìn nínú ẹ̀ kó má baà gbọn nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá kó o láti Computer Village dé Ìkòròdú tí ò ṣí i, tó wá tan iná sí i, mọ́tò á máa jà pẹ̀lú ọ̀pá yẹn títí eyín ẹ̀ á fi jẹ. Ẹ ṣí i kí ẹ tó so iná mọ́ ọn, ẹ tún ti í padà kí ẹ tó gbé e rìn. Ẹ̀rọ Màmá ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní, a ti ya ìwé ìrìbọmi tó wà lọ́wọ́ wọn tán.

Nǹkan kejì tí wọ́n fi ń pa á ni pé wọ́n ń fa wáyà parallel yọ, wọ́n ń tì í bọ̀ ọ́ nígbà tí iná wà lára méjèèjì. USB la lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún, parallel port ò gbà á, ó lè jó ṣípù tó wà lẹ́yìn ihò yẹn nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ pa méjèèjì, ẹ so wáyà, ẹ tan skánà, lẹ́yìn náà kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà. Kí wáyà má gùn jù, kí ó sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ IEEE 1284 sí lára. Tí prìńtà bá so mọ́ ẹ̀yìn skánà lórí ihò kan náà, ẹ yọ ọ́ kúrò títí skánà á fi máa dáhùn.

Ó wá kan driver gan-an. Èyí tó wà nínú CD tó bá skánà wá, Windows 95 àti 98 ni wọ́n sábà kọ ọ́ fún, ayé ìgbà tí prógíráàmù lè na ọwọ́ tààrà sí parallel port láìtọrọ àyè. Láti ìgbà Windows 2000 àti XP, ìyẹn ti dópin, àfi kí driver gba inú Windows fúnra ẹ̀ kọjá, torí ẹ̀ ni ti 98 kì í fi í ṣiṣẹ́ lórí XP. Tí ilé iṣẹ́ tó ṣe skánà bá ṣe ti XP jáde, ẹ wá a rí. Àmọ́ tó bá jẹ́ Windows 64-bit lẹ ń lò, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, driver 32-bit ò lè wọ inú ẹ̀ láéláé, bó ti wù kí ẹ tún un tẹ̀ tó. Ẹ wá desktop àtijọ́ tó ní parallel port lára, irú Pentium 4 wọ̀nyẹn, XP 32-bit ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin 2014 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe dúró lórí XP, nítorí náà ẹ má so kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ máa fi flash kó àwòrán kúrò lórí ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta wáyà USB tó ní ẹnu parallel fún yín pé òun ló máa yanjú ẹ̀. Prìńtà nìkan ni wáyà yẹn mọ̀, kò gbé address 378 wá fún skánà, driver á máa wá ihò tí kò sí níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ iléèwé tó ti fi owó oúnjẹ ra á. Káàdì parallel tí wọ́n ń kì bọ inú desktop sàn díẹ̀, àmọ́ address mìíràn lòun náà sábà máa ń gbà, driver àtijọ́ tó jẹ́ 378 nìkan ló mọ̀ ò ní rí i.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa ní LASUSTECH, yunifásítì tó wà ní Ìkòròdú níbí, gbìyànjú, ni Linux, èyí tí wọ́n lè fi sórí kọ̀ǹpútà dípò Windows. Sọ́fíwia kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ SANE, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó kọ ọ́ sì ti fara balẹ̀ kọ ọ̀nà tí wọ́n á fi bá oríṣiríṣi skánà parallel sọ̀rọ̀. Driver inú ẹ̀ tó ń jẹ́ umax_pp wà fún UMAX Astra 610P, 1220P, 1600P àti 2000P, mustek_pp wà fún Mustek, plustek_pp wà fún OpticPro, canon_pp wà fún CanoScan FB320P, FB330P, FB620P, FB630P, N340P àti N640P. Ẹ ka nọ́ńbà yẹn dáadáa lára skánà yín o, torí FB310P àti FB610P ò sí nínú ẹ̀, orúkọ Canon ni wọ́n fi síta àmọ́ ẹ̀rọ inú wọn yàtọ̀.

Ohun tó máa ń mú àwọn èèyàn jáwọ́ ni pé wọ́n á fi SANE sí i, wọ́n á tẹ scanimage -L, àṣẹ tó ń wá skánà, á ní òun ò rí nǹkan kan, wọ́n á sì gbà pé skánà ti kú. Kò kú. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ti ilẹ̀kùn àwọn parallel ni nínú fáìlì /etc/sane.d/dll.conf, torí tí SANE bá kàn ń kan ilẹ̀kùn gbogbo ihò kiri, ó lè da nǹkan mìíràn tó wà lórí ihò náà rú. Ẹ ṣí fáìlì yẹn, ẹ yọ àmì # tó wà níwájú orúkọ tiyín, umax_pp fún àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí umax_pp.conf tó wà nínú fódà kan náà, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ port sí bóyá ó bá ti kọ̀ǹpútà yín mu. Ẹ tẹ modprobe parport_pc àti modprobe ppdev kí Linux lè rí ihò náà, kí ẹ tún scanimage -L tẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi root, ìyẹn ọ̀gá kọ̀ǹpútà náà. Tí root bá rí i tí ẹ̀yin ò rí i, àyè ni wọn ò tíì fún yín, ẹ fi orúkọ yín sínú group lp, àwọn tó láṣẹ láti lo ihò náà, ẹ jáde, ẹ tún wọlé. Tó bá ní ihò náà ò ráyè, ẹ tẹ rmmod lp, ó lè jẹ́ driver prìńtà ló jókòó tì í. Ó ti tán. Prógíráàmù tó ń jẹ́ XSane lẹ máa fi ya ìwé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí iná inú ẹ̀ gbóná díẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò, àwọ̀ ẹ̀ á dúró dáadáa.

Ẹ̀yin olórí iléèwé, ẹ gbọ́ èyí. Kò pọn dandan kí láàpútọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ní parallel port. Ẹ gbé desktop àtijọ́ kan sí igun ọ́fíìsì, ẹ so skánà mọ́ ọn, ẹ tan saned tó wà nínú SANE, gbogbo kọ̀ǹpútà tó ní SANE lórí nẹ́tíwọ̀kì yín á máa lo skánà yẹn láti ibi tí wọ́n jókòó sí, lórí port 6566 (nọ́ńbà ilẹ̀kùn lórí nẹ́tíwọ̀kì, kì í ṣe ihò parallel).

Olóòtú, ìbéèrè mi lọ́wọ́ yín rèé. Ẹ fún irú ọ̀rọ̀ báyìí láyè nínú ìwé ìròyìn yín, torí èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ gbogbo ìtọ́sọ́nà tó wà níta, àwọn àgbà tó ni ìwé tó yẹ ká yà ò sì rídìí ẹ̀. Àwọn ojúewé kan sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣèlérí driver ọ̀fẹ́, ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn èèyàn, tí wọ́n bá ti ní kí ẹ kọ́kọ́ fi "driver updater" sí i, ẹ sá, kòkòrò ni wọ́n sábà ń kó wọ kọ̀ǹpútà.

Ẹ tún bá mi bẹ gbogbo ẹni tó ṣì ní CD tàbí floppy tó bá skánà wọn wá, ní Ìkòròdú, Ìgbógbó tàbí Ìjẹ̀dẹ́, kí wọ́n kó ohun tó wà nínú ẹ̀ sórí flash lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n kọ nọ́ńbà skánà náà sórí ẹ̀. Floppy ń hu funfun, CD ń bó, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe skánà yẹn ò sì gbé driver náà síta mọ́.

Ẹ ṣeun o.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Sábó, Ìkòròdú.