Kí o tó yan fásítì, ronú ọjọ́ tí o máa gbàwé jáde

Ọmọ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn jọjọ pé fásítì méjì ló gbà ọ́ wọlé, ọ̀kan ní Jámánì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà. O ní kí n bá ọ yàn. Gbogbo ohun tí o kọ nípa orúkọ wọn, owó wọn àti bí ọgbà wọn ṣe rẹwà ni mo kà tán, n kò rí ibi tí o ti bi ara rẹ pé: bí mo bá gbàwé ẹ̀rí tán, kí ni òfin ìlú yìí máa gbà mí láyè láti ṣe? Ibẹ̀ gan-an ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Jámánì, ẹni tó kàwé yege níbẹ̀ lè gba ìwé ìgbélùú oṣù 18 láti fi wá iṣẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu, bí ó bá ti lè fi hàn pé òun ní ohun tí òun ó máa jẹ. Ní Amẹ́ríkà, oṣù 12 ni wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ nínú ìmọ̀ tó kà, OPT ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ka sáyẹ́ǹsì, ìṣirò tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ lè gba oṣù 24 lé e. Ṣùgbọ́n bí o bá jókòó láìníṣẹ́ ju ọjọ́ 90 lọ nínú oṣù 12 yẹn, o ti rú òfin físà rẹ. Oṣù mẹ́ta péré, ọmọ mi!

Èyí kò ní kí Jámánì dára jù o. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn ó fi kọ́ ọ níbẹ̀, ìyẹn sì lè tàn ọ́ jẹ, torí èdè Jámánì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ máa bá ọ sọ. Bí o bá lọ, ọ̀sẹ̀ tí o bá dé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí èmi náà wà lókè òkun, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé kan wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé-ìkàwé wa. Àwọn tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti ríṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kọjá níwájú rẹ̀ láràárọ̀, ìwé lábíyá. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí físà mi parí kí n tó kan ilẹ̀kùn. Obìnrin tí mo bá níbẹ̀ ka CV mi, ojú ewé kan péré, máàkì ló kún inú rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Ta lo ti bá ṣiṣẹ́ rí níbí?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Àwọn ẹgbẹ́ mi tí máàkì wọn kò tó tèmi ti lọ kọ́ṣẹ́ nígbà ìsinmi, ọ̀gá tó mọ ọwọ́ wọn ló pè wọ́n padà. Èmi di ẹrù mi.

Òfin Jámánì gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 140 gbáko lọ́dún. Má fi gbogbo rẹ̀ fọ abọ́. Kò sí ìtìjú nínú abọ́ fífọ̀, ṣùgbọ́n wá àyè fún iṣẹ́ tó sún mọ́ ohun tí ò ń kà, kódà bí owó rẹ̀ kò bá tó nǹkan.

Kọ̀wé sí fásítì méjèèjì lónìí. Bi wọ́n bóyá ìkọ́ṣẹ́ wà nínú ẹ̀kọ́ náà, àti ibi tí àwọn àjèjì tó jáde lẹ́ka yẹn lọ́dún tó kọjá ti ríṣẹ́. Bí èsì bá dé, fi ránṣẹ́ sí mi ká jọ kà á. Má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.