Ẹ má gba owó afárá lọ́wọ́ ará erékùṣù

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Bí wọ́n bá ti fẹ́ kọ́ afárá tó máa so erékùṣù mọ́ ibòmíì, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ẹni tó bá gbabẹ̀ kọjá ni kó san owó rẹ̀. Ó dùn létí, àmọ́ èmi ò fara mọ́ ọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará erékùṣù Skye ní Scotland ni mo rí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1995 ni wọ́n ṣí afárá Skye. Owó àwọn aládàáni ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n wá gbé tóògéètì sí i kí owó wọn lè padà wọlé. Bí afárá ṣe ṣí báyìí, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn àti mọ́tò láti Kyle of Lochalsh ní òdìkejì omi lọ sí Kyleakin ní Skye dáwọ́ dúró. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ará Skye, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, àfi kéèyàn yí po lọ jìnnà. Nígbà tó fi máa di 2004, mọ́tò kékeré ń san ju £5 lọ ní àlọ, ó tún ń san án ní àbọ̀, lórí omi tí kò fẹ̀ tó kìlómítà kan! Àwọn aráàlú kọ̀, wọ́n láwọn ò ní san. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí kóòtù. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án kí ìjọba tó fi nǹkan bíi mílíọ̀nù £27 ra afárá náà, tí wọ́n sì fòpin sí owó yẹn ní December 2004.

Mo mọ̀ pé afárá orí òkun ń jẹ owó. Iyọ̀ á wọnú kọnkéré, irin inú rẹ̀ á dípẹtà, á wú, kọnkéré á sì sán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà orí ilẹ̀ náà ń bàjẹ́, owó orí gbogbo wa la sì fi ń tún un ṣe. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹni tí omi yí ká nìkan la fẹ́ dá owó tirẹ̀ lé lórí? Afárá Irabu, tó so erékùṣù méjì pọ̀ ní Japan, tí wọ́n ṣí ní 2015, gùn ní mítà 3,540, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó níbẹ̀.

Tó bá wá di dandan kí tóògéètì wà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn, kí wọ́n tó ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, pé ọkọ̀ ojú omi ò ní kúrò níbẹ̀ títí wọn ò fi ní gba owó tóògéètì náà mọ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín