Lẹ́tà sí Bísọ́lá láti erékùṣù Fogo

São Filipe,
Fogo,
Cape Verde.

Bísọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òtútù Brockton o. Ìlú àwọn ará Cape Verde tó pọ̀ ládùúgbò yín ni mo ti ń lo ìsinmi mi báyìí. Láti Fogo níbí àti Brava tó wà nítòsí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣí lọ sí Massachusetts yín lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, láti ayé ìgbà tí àwọn ọkọ̀ apẹja àbùùbùtán ń gbà wọ́n síṣẹ́. N kò tiẹ̀ gba físà, ọmọ ECOWAS ni gbogbo wa.

Bísọ́lá, òkè ayọnáyèéfín ni erékùṣù yìí látòkèdélẹ̀. Pico do Fogo ga tó mítà 2,829, òun ló ga jù ní gbogbo Cape Verde. Àwọn ènìyàn ń gbé lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gan-an, nínú kòtò ńlá tí wọ́n ń pè ní Chã das Caldeiras. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ilẹ̀ ya, àpáta tó ti yọ́ ń ṣàn jáde títí wọ oṣù kejì ọdún 2015. Wọ́n ríbi sá, ẹ̀mí kankan kò bá a lọ, ṣùgbọ́n ó bo abúlé Portela àti Bangaeira mọ́lẹ̀, tilé tilé ìwé.

Wọ́n sì padà! Orí àpáta dúdú yẹn náà ni wọ́n tún kọ́lé sí. Obìnrin tó gbà mí sílé na ìka sílẹ̀ níbi tí a dúró sí, ó ní ilé òun àtijọ́ wà lábẹ́ ibẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò jókòó sí São Filipe. Ó mú mi lọ wo àjàrà rẹ̀. Inú kòtò kéékèèké ni wọ́n ń gbìn ín sí nínú eérú dúdú. Eérú yẹn ń fa ìrì òru mọ́ra, ó sì lọ́ràá, ìyẹn ló ń gbé àjàrà ró níbi tí òjò kò ti pọ̀. Wáìnì wọn dùn gan-an. Ta ni yóò fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, ó yé mi.

A gun òkè náà kílẹ̀ tó mọ́, pẹ̀lú ọmọ abúlé kan tó mọ ọ̀nà. Òórùn imí-ọjọ́ gba imú wa lókè. Eré la sá sọ̀ kalẹ̀ nínú eérú, ó ń wọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Nígbà tí a délẹ̀, cachupa ló ń dúró dè wá, bí àdàlú tí wọ́n da ẹran sí.

Jọ̀wọ́, bí o bá gba ìsinmi, jẹ́ ká jọ wá. Má sùn sí São Filipe kí o kàn wá wo òkè lójúmọmọ kí o sì padà. Sùn sí Chã, sanwó ilé àti oúnjẹ fún àwọn tó ń tún abúlé wọn kọ́. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí o mú wá. Kọ oṣù tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ránṣẹ́ sí mi.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fọlákẹ́