Kòkó Kò Dá Rìn Wá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Èsì rèé fáwọn tó ń sọ pé ká lé àtọ̀húnrìnwá kúrò lóko kòkó Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀. Kòkó tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ń pariwo gan-an, àtọ̀húnrìnwá ni.

Agbègbè odò Amazon ló ti ṣẹ̀. Hóró ẹ̀ kò dà bí àgbàdo tá a lè sá gbẹ ká tó gbìn ín. Tó bá ti gbẹ, ó kú nìyẹn. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ gbé e ní tútù, kó sì tètè dé ibi tó ń lọ. Àwọn Potogí gbé e láti Bùràsílì dé erékùṣù Príncipe lọ́dún 1822. Nígbà tó yá, ó dé erékùṣù Fernando Po (tó ń jẹ́ Bioko báyìí), níbi tí Tetteh Quarshie, alágbẹ̀dẹ ará Gáná, ti lọ ṣiṣẹ́ tó fi mú un relé. Lọ́dọ̀ tiwa, J. P. L. Davies, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sàró, gbìn ín sí Ìjàn lẹ́bàá Agége. Àwọn tó lọ ṣe lébìrà l'Agége ló gbé e wọ ìlú wọn.

Wọ́n gbé ìmọ̀ ẹ̀ dání pẹ̀lú: ẹsẹ̀ bàtà 10 láàárín igi sí igi, àgbagbà láti ṣíji bo ọ̀dọ́ igi. Tí wọ́n bá pa èso, wọ́n á kó hóró tútù jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fewé bò ó fún ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n á sì máa yí i lọ́jọ́ kejì-kejì. Ẹni tó bá kánjú sá a lọ́jọ́ kejì, inú hóró á rí bí eérú, á sì korò. Tó bá kó o sápò kó tó gbẹ dáadáa, á bu.

Ẹ̀gbìrà àti Àgátú ló pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí lónìí. Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló tó kiri aṣọ dé ìlú onílùú ló wá ń lé àlejò! Lọ́dún 1969, ìjọba Gáná lé àwọn àjèjì, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà, lébìrà di ọ̀wọ́n lóko kòkó Gáná.

Ìwé àdéhùn lórí ìṣákọ́lẹ̀ àti owó iṣẹ́ ni ká jókòó kọ. Tójò bá pọ̀, èso kòkó á máa dúdú, á máa rà. Bí wọn ò bá ń já èyí tó ti bàjẹ́ sọ nù lọ́sẹ̀ méjì-méjì, á ran ìyókù. Káwọn tó fẹ́ lé wọn sọ ẹni tó máa já a lóṣù Kẹsàn-án.

Àgbẹ̀ kòkó kan,
Iléṣà.