Àbẹ̀kẹ́, Kí O Tó Sanwó Oògùn Tí Ń Dín Sísanra Kù

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí ohun tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo sì kà á tán kí n tó sùn. O ní kí n bá ọ wo ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì náà, èyí tí dókítà ti ń kọ abẹ́rẹ́ tí ń dín ìwọ̀n ara kù fún ènìyàn láìrí i lójúkojú, kí n sì sọ bóyá kí o sanwó tàbí kí o fi í sílẹ̀. N kò fẹ́ dá ọ lóhùn lórí fóònù, nítorí pé ọ̀rọ̀ oògùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-sáré-sọ, ìwọ náà sì mọ̀ pé bí mo bá fẹnu sọ ọ́, a ó ti máa jiyàn kí n tó dé ìdajì.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìbẹ̀rù kan kúrò lọ́kàn rẹ. N kò ní sọ fún ọ pé ọ̀lẹ ló ń lo oògùn kí ó tó fọn. Ojú mi ni o ṣe ń jí rìn láàárọ̀ fún odidi ọdún kan, mo sì mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti ń fọn ni ara fúnra rẹ̀ máa ń ta kò ó, tí ebi yóò máa pa á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn oògùn tuntun yìí náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Semaglutide tí FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí fún àtọ̀gbẹ ní ọdún 2017 lábẹ́ orúkọ Ozempic, tí wọ́n sì fọwọ́ sí fún ìwọ̀n ara ní oṣù kẹfà ọdún 2021 lábẹ́ orúkọ Wegovy, ń ṣe bí họ́mónù kan tí ìfun wa máa ń tú jáde lẹ́yìn tí a bá jẹun: ó ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó, ó sì ń mú kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2021, àwọn tó gbà á fún ọ̀sẹ̀ 68 fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn fọn, nígbà tí àwọn tí abẹ́rẹ́ tiwọn kò ní oògùn nínú kò fọn ju ìdá 2.4 lọ. Oògùn tó lágbára tó báyìí kò ṣe é rà bí ẹni ra bàtà, nítorí pé agbára tó fi ń ṣiṣẹ́ náà ló lè fi ṣèpalára.

Mo wá ṣe nǹkan kan tí inú rẹ lè má dùn sí. Mo wọ ojú-ewé náà, mo sì dáhùn ìbéèrè wọn bí ẹni tó fẹ́ gba oògùn. Mo kọ ìwọ̀n ara mi bó ṣe rí, kìlógíráàmù 60, mo kọ bí mo ṣe ga tó, mítà 1.65, wọ́n sì dá mi lóhùn pé n kò yẹ fún oògùn náà. Inú mi dùn, mo ní àwọn wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àfi bí mo ṣe rí i pé wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún mi láti padà sẹ́yìn. Mo pa 60 rẹ́, mo kọ 85 dípò rẹ̀, ni wọ́n bá kí mi kú oríire, wọ́n ní kí n mú káàdì báńkì mi wá. Ìṣẹ́jú méjì ni mo fi fi kìlógíráàmù 25 sanra, kò sì sí ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún tó bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o máa fi wọn irú ètò bẹ́ẹ̀ nìyí: ǹjẹ́ ẹnìkan wà níbẹ̀ tó lè yẹ̀ ọ́ wò, kí ó sọ pé rárá, kí rárá rẹ̀ sì dúró? Bí kò bá sí, ọjà ni wọ́n ń tà, ẹ̀wù dókítà kàn wà lára òǹtajà ni. Kì í ṣe èmi nìkan ló rò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn apoògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Wales kìlọ̀ fún àwọn ilé oògùn orí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbára lé ìbéèrè tí aláìsàn fọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn nìkan kí wọ́n tó fún un ní irú oògùn yìí. Wọ́n ní kí wọ́n rí i dájú fúnra wọn bó ṣe wúwo àti bó ṣe ga tó, ìbáà jẹ́ lórí fídíò, lójúkojú, tàbí láti inú ìwé ìtọ́jú rẹ̀.

Wàyí o, jẹ́ kí a wo tìrẹ. O sọ fún mi pé kìlógíráàmù 81 ni ọ́, gígùn rẹ kò sì yàtọ̀ sí tèmi. Bí a bá fi gígùn náà pín ìwọ̀n ara rẹ, tí a sì tún fi gígùn náà pín èyí tó jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun tí a ó rí kò pé 30. Yóò jẹ́ bíi 29.8. Ìlànà tí wọ́n fi fọwọ́ sí Wegovy fún àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ni pé kí iye náà tó 30, tàbí kí ó tó 27 bí ẹni náà bá ní ó kéré tán àìsàn kan tó so mọ́ sísanra, bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ ló máa pinnu ọ̀rọ̀ náà ju òṣùwọ̀n lọ, ìwọ kò sì tíì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ìgbà tí o ti bí ọmọ rẹ. Ètò tó bá mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ ní kí o lọ ṣe àyẹ̀wò náà. Èyí tí o fi hàn mí kò mẹ́nu kàn án.

Mo mọ̀ pé ó lè dà bíi pé mò ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ àgbà dá ọ dúró. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Jẹ́ kí n fi ọ̀kan nínú àkísà mi hàn ọ́. Lẹ́yìn tí mo bí àbúrò rẹ, mo lo oògùn kan tí wọ́n ń pè ní sibutramine fún bí oṣù mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ kan ló júwe ibi tí wọ́n ti ń tà á, ẹni tó tà á fún mi sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ìyẹn iye tí mo fẹ́ rà. Mo fọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àyà mi a máa lù kì-kì-kì bí mo bá ti gun àtẹ̀gùn, n kò sì mọ̀ pé oògùn náà máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Ọdún 2010 ni wọ́n mú un kúrò lọ́jà ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, nígbà tó hàn gbangba pé ó ń fa ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fún àwọn kan. Oògùn tí dókítà ń kọ fún ènìyàn ni tẹ́lẹ̀ o, kì í ṣe àgbo ojú ọ̀nà. Lọ́dọ̀ tèmi, ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀nfúnpá lé mi lápá rí títí mo fi jáwọ́.

Èyí ló fà á tí mo fi ń béèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ lẹ́yìn tí o bá ti sanwó. Àwọn abẹ́rẹ́ yìí kì í gba ìkánjú. Wegovy máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mílígíráàmù 0.25 lọ́sẹ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a ó sì máa gbé e ga díẹ̀díẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 16 yóò ti kọjá kí ènìyàn tó dé 2.4 tó jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò. Ìdí ni pé inú kò lè gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èébì á máa gbé ènìyàn, ìgbẹ́ á dí tàbí kí ó di gbuuru. Ẹni tó bá ṣèlérí láti fún ọ ní ìwọ̀n ńlá láti oṣù àkọ́kọ́ kí o lè tètè rí èsì, sá fún un. Bákan náà, inú rírun tó le tó sì ń lọ dé ẹ̀yìn, tí kò sì dáwọ́ dúró, lè jẹ́ àmì pé ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlínì ti wú. Òkúta sì lè wà nínú òróòro. Èébì tó pọ̀ lè gbẹ omi ara débi tí kíndìnrín yóò fi fara gbá a. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ní aago méjì òru, ta ni yóò dá ọ lóhùn? Mo béèrè èyí lọ́wọ́ wọn nínú àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn. Wọ́n dá mi lóhùn pé tí mo bá sanwó oṣù mẹ́ta pọ̀, wọn yóò bá mi dín in kù.

Wo ohun tó wà nínú ìgò náà dáadáa pẹ̀lú. Ní ojú-ewé tí o fi hàn mí, wọn kò kọ Wegovy tàbí Zepbound, abẹ́rẹ́ mìíràn tó ń dín ìwọ̀n ara kù. Wọ́n kọ pé ó ní "ohun kan náà tó wà nínú" oògùn olókìkí. Èyí sábà máa ń túmọ̀ sí pé apoògùn kan ló pò ó. Nígbà tí oògùn náà kò tó ní Amẹ́ríkà, òfin wọn fi àyè gba èyí, ṣùgbọ́n FDA kéde ní oṣù kejì ọdún 2025 pé àìtó semaglutide ti parí, àjọ náà kì í sì í yẹ oògùn tí apoògùn pò wò kí ó tó jáde. Ó tún máa ń wá nínú ìgò kékeré, tí ènìyàn yóò fi síríńjì fà á fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2024, FDA kìlọ̀ pé àwọn kan ti ṣi mílígíráàmù, mìlílítà àti àmì ara síríńjì mú fún ara wọn, tí wọ́n sì gún ìlọ́po márùn-ún sí ogún ohun tó yẹ, tí àwọn kan nínú wọn fi dé ilé ìwòsàn. Ayédèrú tún wà níta. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa ayédèrú Ozempic tí wọ́n rí ní Brazil, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, béèrè orúkọ dókítà tí yóò kọ ọ́ àti orúkọ ilé oògùn tí yóò fi ránṣẹ́, kí o sì wá méjèèjì nínú ìwé orúkọ tí ìjọba orílẹ̀-èdè tí o wà ń tọ́jú, má ṣe wá wọn lórí ojú-ewé tiwọn fúnra wọn. Bí wọn kò bá fẹ́ sọ orúkọ kí o tó sanwó, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Béèrè bí oògùn náà yóò ṣe tutù títí dé ọ̀dọ̀ rẹ, nítorí pé inú fíríìjì, láàrin ìwọ̀n ìtutù 2 sí 8 ti Celsius, ni abẹ́rẹ́ tí a kò tíì lò máa ń gbé.

Ọ̀rọ̀ owó, n kò ní pẹ́ níbẹ̀: ka ibi tí wọ́n kọ bí ènìyàn ṣe ń jáde nínú ètò náà kí o tó ka ibi tí wọ́n kọ bí ènìyàn ṣe ń wọlé.

Ohun tí ìpolówó wọn kò sọ ni bó ṣe ń rí nígbà tí a bá dáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ lé àwọn kan lára àwọn tó wà nínú ìwádìí ọdún 2021 yẹn fún ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n jáwọ́, wọ́n ti gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n fọn padà. Ó wá ṣeé ṣe kí oògùn náà jẹ́ ti ọjọ́ pípẹ́, bíi ti ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ìwọ sì ti sọ fún mi pé ẹ fẹ́ bí ọmọ kejì. A gbọ́dọ̀ dá semaglutide dúró ó kéré tán oṣù méjì kí ènìyàn tó gbìyànjú láti lóyún. Bí ó bá sì jẹ́ tirzepatide ni wọ́n fún ọ, ìyẹn Zepbound, ó lè sọ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí à ń gbé mì di aláìlágbára, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ àti lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá gbé ìwọ̀n rẹ̀ ga. Sọ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí fún dókítà tí o bá rí, kí o sì wo ojú rẹ̀ bóyá ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo fi èyí tó ń dí mi lọ́wọ́ oorun sẹ́yìn. Ìbéèrè kẹsàn-án nínú fọ́ọ̀mù wọn ni bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ ti ní irú jẹjẹrẹ kan nínú ẹ̀yà ara ọrùn tí wọ́n ń pè ní tairọ́ìdì. Mo mọ̀ pé rárá ni wàá kọ, wàá sì gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n béèrè rẹ̀ nítorí pé àwọn oògùn yìí mú kí kókó hù ní tairọ́ìdì àwọn eku tí wọ́n fi ṣe ìdánwò. Kò tíì hàn pé ó ń ṣe ènìyàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ bá ti ní irú jẹjẹrẹ náà, tí àwọn dókítà ń pè ní medullary, kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá. Ìwọ kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ lọ́rùn fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin. Gẹ̀gẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé pé wọ́n tún pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ nítorí gẹ̀gẹ̀ lásán.

Mo ti pe àkọ́bí rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ní ìwé ilé ìwòsàn náà wà nínú àpótí tí ìyá wọn fi sílẹ̀, òun yóò sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ Sátidé. Lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ kí ọjọ́ náà tó pé, kí o sì fi ìbéèrè kẹsàn-án yẹn sílẹ̀ láìdáhùn títí tí mo fi máa pè ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.