Ẹ dá owó fíìmù wa padà

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ilé sinimá kan níbí ní Adó-Èkìtì gba owó tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Fíìmù dé ibi tó dùn, iná lọ, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Títí di òní, wọn ò dá kọ́bọ̀ padà.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń lọ sinimá tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá wa nínú oṣù Kẹjọ, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Ìbàdàn àti àbúrò wa obìnrin tó ń gbé Èkó kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ owó màlúù ni. Àwọn méjèèjì tún wá ṣọdún nílé mi ní Òkèṣà, tọmọtọmọ. Bí a bá jókòó ti iyán, ẹ̀gbọ́n á ní kí n bá òun sọ fún àbúrò mi kó sún abọ́ ẹran wá, bẹ́ẹ̀ orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ìyàwó mi ló ní, "Ẹ kó wọn lọ wo fíìmù. Ta ni í jà níbi tí wọ́n ti ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́?"

Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, ó ṣiṣẹ́. Eré apanilẹ́rìn-ín ni. Mo jókòó sáàárín wọn bí ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ara rẹ̀, ó na gúgúrú ọwọ́ rẹ̀ kọjá mi sí àbúrò mi. Àbúrò mi ṣa ẹyọ méjì níbẹ̀. Ojú mi ló ṣe.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n tún kó gbogbo wa lọ lọ́jọ́ kejì, àgbà mẹ́rin, ọmọ márùn-ún. Wọ́n ní aago mẹ́rin. Aago márùn-ún kọjá kí ohunkóhun tó hàn lójú ògiri. Ìtàn àwọn ọmọ ìyá kan tó ń jà sí ilé bàbá wọn ni. Mi ò mọ̀ kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì o! Síbẹ̀, wọ́n wò ó tọkàntọkàn. Àgbà inú wọn wá fẹ́ jẹ́wọ́ ibi tí ìwé ilé wà, ó ti la ẹnu, ni wọ́n bá múná lọ. Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.

Ogójì ìṣẹ́jú la fi wà nínú òkùnkùn. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ní, "Irú èyí gan-an ni àwọn kan ṣe nígbà ìsìnkú." Àbúrò mi tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí i lójú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ta ni 'àwọn kan'?" Èyí tó tẹ̀lé e, àwọn tó jókòó sẹ́yìn wa gbádùn rẹ̀ ju fíìmù lọ.

Mo lọ bá ọmọ tó wà lójú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní ká padà wá lọ́la. A padà dé lọ́jọ́ kejì, ó ní tíkẹ́ẹ̀tì àná ti kú. Ọmọ kan náà o! Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀, ó ní ọ̀gá lọ ṣọdún.

Fíìmù Funke Akindele kan tó jáde ní December 2023 ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa bílíọ̀nù kan náírà ní sinimá. Ó dùn mọ́ mi fún un. Ṣùgbọ́n irú ọ̀sẹ̀ ọdún báyìí ni wọ́n ń pa irú owó bẹ́ẹ̀, àpò irú wa ló sì ti ń jáde. Bí iṣu tí mo rà ní Ọjà Ọba bá jẹrà, ìyá oníṣu á pààrọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹni tó ta ààbọ̀ fíìmù fún mi kò dá owó padà! Àwọn tí ìjọba ń san owó oṣù fún pé kí wọ́n máa ṣọ́ irú nǹkan wọ̀nyí dà? Ká ní owó orí ni wọ́n fẹ́ gbà ni, wọn ì bá ti dé.

Kí àwọn ilé sinimá kọ ìlànà ìdápadà owó ní Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fèrèsé. Kí wọ́n máa dán jẹnẹrétọ̀ wò kí èrò tó wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ìlú ló jẹ mí lọ́kàn jù. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà ní Èkìtì. Gbọ̀ngàn mélòó ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbéyàwó àti ìpàdé òṣèlú nìkan ni wọ́n ń ṣí i fún? Kí wọ́n ṣí i fún fíìmù láti ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ kejì ọdún tuntun. Kì í ṣe àrà tuntun. Láyé Ogunde àti Baba Sala, àwọn eléré fúnra wọn ló ń gbé ẹ̀rọ, aṣọ funfun àti jẹnẹrétọ̀ kiri láti ìlú dé ìlú. Kí ará Ìjerò tàbí Ìkọ̀lé má ṣẹ̀ṣẹ̀ wọkọ̀ wá sí Adó. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, kí ilẹ̀ má ṣú báni lójú ọ̀nà tí gbogbo wa mọ bó ṣe rí. Kí àwọn ìyá máa ta gúgúrú àti àkàrà níta. Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú máa gba owó lẹ́nu ọ̀nà, torí ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀, o mọ ilé bàbá rẹ̀. Bí iná bá lọ, kò tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún ọ pé ọ̀gá lọ ṣọdún.

Ẹ̀gbọ́n mi padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ 29, kò dúró jẹ iyán ọdún tuntun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí, ó ní ṣé mo ti gbọ́ ibi tí ìwé ilé yẹn wà. Kò pẹ́ sígbà yẹn, àbúrò mi náà pè, ìbéèrè kan náà. Mo ní mi ò mọ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ṣì wà lọ́wọ́ ilé sinimá yẹn.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkèṣà, Adó-Èkìtì